Àjàyí Crowther: ẹrú tó di bíṣọ́ọ̀bù

Àwọn kan ń bi wá pé: «Kí ni a fẹ́ fi ìwé Yorùbá ṣe? Ṣé Faransé kọ́ ni èdè ìwé?» Ẹ gbọ́ ìtàn Àjàyí.

Ìlú Òṣoògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n bí i sí. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú náà. Wọ́n ya Àjàyí kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n sì tà á káàkiri títí ó fi dé Èkó. Ní 1822, àwọn Pọtogí kó o sínú ọkọ̀ ẹrú. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì gbé e lọ sí Sàró.

Ní Sàró ni Àjàyí ti kọ́ ìwé. Ní 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní 1843 ó di àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà wá sí Àgbádárìgì, lẹ́yìn náà ó lọ sí Abẹ́òkúta. Níbẹ̀, ní 1846, òun àti ìyá rẹ̀ tún rí ara wọn. Ó tó ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà. Wọ́n wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Crowther ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Báwo ni ó ṣe rí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀? Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó ń ṣọ́ ẹnu wọn. Àgbà tí kò mọ a, tí kò mọ b, ni ó kọ́ àlùfáà. Ó fi àmì sórí ọ̀rọ̀, nítorí ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀.

Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ oyè náà. Wọ́n fi iṣẹ́ ìjọ ní Odò Ọya sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní 1890, nígbà ogbó rẹ̀, àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ kan dé, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọn kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ó dùn ún púpọ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe lórí èdè wa kò parun.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé èdè wa kì í ṣe èdè ìwé. Ẹ lọ bá àwọn àgbà ilé yín. Ẹ bi wọ́n ní òwe kan àti orúkọ ewé mẹ́ta. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì mú wọn wá sí kíláàsì.

Ìbéèrè: Ta ni ó kọ́ Crowther ní ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀?