Ìmọ̀ Tó Ń Wá Ọmọ Wá Sílé: Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ìtọ́jú Ọmọ Tó Ní HIV

Bí ẹ bá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, tí ẹ rí nọ́ọ̀sì tó tẹjú mọ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, tó ń gbọ́rọ̀, tó sì ń kọ nǹkan sílẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn wa ni pé eré ló ń ṣe. Nígbà mìíràn, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́, ẹ̀kọ́ tó lè gba ẹ̀mí ọmọ là. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé lóṣù yìí, pàápàá lórí ìtọ́jú ọmọ tó ní kòkòrò HIV.

Ọmọdé kì í ṣe àgbà kékeré

Láti orí àyẹ̀wò ni ìtọ́jú ọmọdé ti yàtọ̀. Àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe fún àgbà kò lè fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18. Ìdí ni pé àwọn èròjà tí ara ìyá fi ń bá kòkòrò náà jà lè ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ọmọ lè má ní in rárá kí àyẹ̀wò sọ pé ó ní in. Àyẹ̀wò PCR ló yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: wọn á gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ sórí káàdì, yóò gbẹ, wọn á sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ìgbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Kò ṣeé fi falẹ̀, nítorí pé nínú àwọn ọmọ tó ní in tí wọn kò rí ìtọ́jú, nǹkan bí ìdajì ni kì í pé ọdún 2 láyé.

Oògùn náà yàtọ̀. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, bí ọmọ sì ṣe ń dàgbà ni ìwọ̀n oògùn ń yí padà. Tẹ́lẹ̀, omi oògùn kan tó korò gan-an, tó sì nílò ibi tútù, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń lò. Àwọn ìyá tó fún ọmọ lóògùn yìí mọ ìjà tó máa ń dá sílẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2021 ni Nàìjíríà ti wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ gba dolutegravir ti ọmọdé, hóró kékeré tí wọ́n ń yó sínú omi. Oògùn tuntun dé, ó dára. Ta ni yóò wá kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ní ìgbèríko bí wọ́n ṣe ń lò ó?

Ọ̀nà jìn sí Ṣàgámù

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, a dúpẹ́ pé Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń gbé Ṣàgámù. Ìyá tó wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìsarà yóò wá owó ọkọ̀, yóò pàdánù ọjọ́ ọjà, yóò sì máa ronú ohun tí yóò sọ fún aládùúgbò tó bi í pé, "Níbo lẹ tún ń lọ?" Bó bá lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó lè má lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ náà ni yóò jìyà rẹ̀.

Irú ìṣòro yìí ló mú kí dókítà kan tó ń tọ́jú àrùn ẹ̀dọ̀ ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, Sanjeev Arora, dá ètò Project ECHO sílẹ̀ ní ọdún 2003. Àwọn aláìsàn ń dúró fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó rí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ìgbèríko, kí wọ́n lè tọ́jú àwọn èèyàn wọn níbi tí wọ́n wà. Ní 2011, wọ́n tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 407. Àwọn tí wọ́n tọ́jú ní ìgbèríko àti ní ọgbà ẹ̀wọ̀n rí ìwòsàn bákan náà pẹ̀lú àwọn tó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Ọ̀nà yìí ti dé Nàìjíríà, wọ́n sì ń lò ó fún ìtọ́jú HIV.

Bí ìpàdé náà ṣe ń lọ

Ní ọjọ́ tí wọ́n ti dá, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti oríṣiríṣi ìlú yóò pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan yóò ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú. Lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ kan yóò gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn tó ń dà á láàmú kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ọmọ ọdún 4 kan wà, kílò 15 ni, dolutegravir ló ń lò. Ó wá ń wúkọ́, ó ń rù, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ṣé kí nọ́ọ̀sì kàn fi oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kún un? Àwọn onímọ̀ yóò sọ fún un pé rifampicin, ọ̀kan nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, máa ń dín agbára dolutegravir kù nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n dolutegravir tí ọmọ ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, àárọ̀ àti alẹ́ ni yóò máa lò ó báyìí, títí di ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí rifampicin bá parí. Nọ́ọ̀sì kan ló béèrè, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ẹ̀sìn wa kò lòdì sí èyí. Ìjíròrò ìmọ̀ràn, tí à ń pè ní ṣúrà, jẹ́ ohun tí Ìsìláàmù gbé ga. Bíbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ kì í ṣe àbùkù.

Àṣírí ọmọ yín ńkọ́?

Ẹ̀rù tó tọ́ ni. Nínú irú ìpàdé yìí, a kì í dárúkọ aláìsàn, a kì í sọ ilé rẹ̀, a kì í fi àwòrán ojú rẹ̀ hàn. Ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara, àyẹ̀wò àti oògùn nìkan ló tó. Amánà ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Òṣìṣẹ́ tó bá gbé orúkọ tàbí fọ́tò ọmọ sórí WhatsApp ti da amánà, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í sùn àwọn ọ̀gá rẹ̀. Láti ọdún 2014 ni òfin Nàìjíríà ti ka yíya ẹni tó ní HIV sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa

Ìmọ̀ lè wá láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n òbí ló ń fún ọmọ lóògùn. Nítorí náà:

1. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ọmọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, kí ẹ sì béèrè bóyá ìwọ̀n oògùn rẹ̀ ti yí padà. Ẹ má fúnra yín yí i.
2. Ẹ sọ gbogbo oògùn mìíràn tó ń lò, títí kan àgbo.
3. Ẹ béèrè iye kòkòrò tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí ló ń fi hàn bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.
4. Àdúà dára, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí a pa oògùn tì. Ní Ramadan, bí ọmọ tó ti dàgbà bá ń gbààwẹ̀, ẹ bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ nípa lílo oògùn nígbà sààrì tàbí lẹ́yìn ìṣínu.
5. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n béèrè ná," ẹ má bínú. Ẹni tó béèrè kì í ṣìnà.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà, kí Ó sì fi kún ìmọ̀ àwọn tó ń tọ́jú wọn. Àmín.