Ẹṣin Wo Ni Ká Gùn Lópin Ọ̀sẹ̀? Mustang Ìran Karùn-ún àti Ìkẹfà Lójú Ọ̀nà Apapa àti Ajégúnlẹ̀

Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, bí ọkọ̀ Mustang kan bá ń ti Apapa bọ̀, tó fẹ́ gba Boundary wọ Ajégúnlẹ̀, kò nílò ẹni tí yóò kéde rẹ̀. Ìró rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ wọ àdúgbò. Àwọn ọmọdé á sáré bọ́ síta, mẹkáníìkì tó ti orí bọ inú ẹ́ńjìnnì oníbàárà rẹ̀ á gbójú sókè, ìyá oníbúrẹ́dì á dáwọ́ owó kíkà dúró. Fún ìṣẹ́jú kan péré, inú gbogbo wa á dùn bí ẹni pé àwa la ni ín.

Ìró yẹn ló mú ọkàn àbúrò mi láti kékeré. Ajégúnlẹ̀ la ti dàgbà, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé títí di òní pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ní Apapa ló ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté. Corolla kan wà nílé tí wọ́n ń lò láti Mọ́ńdè dé Fúráídè. Ọdún mẹ́fà ló fi ń tọ́jú owó ọ̀tọ̀, kí ó lè ra ọkọ̀ tí yóò máa wà fún ìgbádùn lópin ọ̀sẹ̀ nìkan. Nígbà tí owó pé, ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, méjì ni mo rí. Pupa kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá kan ní Apapa, V8 ni, ti ọdún 2008. Dúdú kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, ti 2016. Ẹ bá mi yẹ̀ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n ti pupa yẹn ni ọkàn mi fà sí o."

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí a wo ọ̀nà, epo, mẹkáníìkì àti ìdílé wa kí a tó mú ọkọ̀. Ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìwádìí yẹn kọ́ wa ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ.

Orúkọ kan, ìran púpọ̀

Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ Ford kọ́kọ́ gbé Mustang jáde fún aráyé ní New York. Láti ìgbà náà, ìran méje ni ọkọ̀ yìí ti ní. Ìran karùn-ún ni ti ọdún 2005 títí dé 2014, ìkẹfà ni ti 2015 títí dé 2023. Àárín méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wá tòkunbọ̀ ti máa ń yan tiwọn.

Àmọ́ ọ̀nà méjì ni ìran karùn-ún fúnra rẹ̀ pín sí. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ẹ́ńjìnnì V6 oní-lítà 4.0 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 210, tàbí V8 oní-lítà 4.6 tó ní agbára ẹṣin 300. Ní ọdún 2011, Ford pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì méjèèjì. V6 di oní-lítà 3.7 tó ní agbára ẹṣin 305, V8 sì di oní-lítà 5.0 tó ní 412. Ẹ ò rí i pé V6 ti ọdún 2011 lágbára ju V8 ti 2008 lọ? Ẹni tó bá ń fi ìró nìkan yan ọkọ̀ kò ní í mọ èyí.

Nígbà tí ìran kẹfà dé ní 2015, V6 oní-lítà 3.7 yẹn ṣì wà nínú rẹ̀ títí di 2017. Ford tún fi ẹ́ńjìnnì kékeré kan kún un, oní-lítà 2.3 tó ń lo turbo, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 310. V8 oní-lítà 5.0 náà ń bẹ, ó sì ti di 435.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò rìn

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín ìran méjèèjì wà lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí ojú kì í dé. Nínú ìran karùn-ún, irin gbọọrọ kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bí táyà kan bá bọ́ sí kòtò, èkejì á mọ̀ ọ́n lára. Nínú ìran kẹfà, táyà kọ̀ọ̀kan ló ń dá gbé ara rẹ̀. Bí ọ̀tún bá wọ kòtò, òsì lè máa bá tirẹ̀ lọ, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ kò sì ní í fò sókè púpọ̀.

Ẹni tó bá mọ Apapa mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni tírélà àti ọkọ̀ agbépo fi gba ojú ọ̀nà wa, tí wọ́n sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà Ètò tí a fi ń pe tírélà wọ èbúté, wọ́n sì ti fi kọnkéré tún àwọn ọ̀nà ńlá bíi Wharf Road ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yà kúrò lójú kọnkéré wọ àdúgbò, kòtò ṣì ń dúró dè yín. Bí òjò bá sì rọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, omi a máa dá dúró sí ojú títì.

Ìran méjèèjì ló súnmọ́ ilẹ̀, kò sí èyí tó lè wọ́dò. Ìdí nìyí tí mo fi bi àbúrò mi ní ìbéèrè kan kí a tó wo ọkọ̀ kankan: "Níbo ni yóò máa sùn?" Ó ronú títí, ó ní òun yóò bẹ ọ̀gá òun kí ó máa sùn nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ wọn ní Apapa. Ẹni tí kò bá rí ibi gíga tí omi kì í dé, kí ó má tíì rà á.

Epo àti mẹkáníìkì

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọwọ́ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sẹ́ni tó ń ra epo bẹntiróò láìwo ojú ẹ̀rọ. Nínú ìdíwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà fún ìran kẹfà tó ń fi jíà ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, oní-turbo ń mu bíi lítà mẹ́sàn-án ààbọ̀ lórí kìlómítà 100, V6 ń mu bíi mọ́kànlá, V8 sì ń mu ju méjìlá lọ. Bí ẹ bá wa ọkọ̀ láti Apapa lọ sí Badagry kí ẹ tó padà, tó jẹ́ bíi kìlómítà 120, ìyàtọ̀ láàárín wọn kò ju lítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, gbogbo wọn ni yóò mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Epo kọ́ ni mo bẹ̀rù jù bí kò ṣe àtúnṣe. Oní-turbo ń rìn dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ epo ìdọ̀tí, kì í sì í fẹ́ ẹni tó ń sún pípààrọ̀ ọ́ìlì síwájú. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú wa. V8 ti 2005 sí 2007, àti díẹ̀ nínú ti 2008, ní wàhálà tirẹ̀ pẹ̀lú: pulọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ alápá méjì, ó sì lè kán sínú ẹ́ńjìnnì bí mẹkáníìkì bá fi agbára tú u. V6 oní-lítà 3.7 kò ní turbo. Mọ̀lẹ́bí ẹ́ńjìnnì inú Ford Edge tí a ń rí káàkiri ìlú ni, nítorí náà kò ṣàjèjì sí àwọn mẹkáníìkì wa bíi ti oní-turbo.

Ohun tó wà nínú sítíárìn

Títí di ìgbà yìí, ti pupa ṣì wà lọ́kàn àbúrò mi. Ó ní òun yóò fara da epo, òun yóò sì wá mẹkáníìkì tó ní sùúrù fún pulọ́ọ̀gì. Mo ní kó dára, ṣùgbọ́n kí a ka nọ́ńbà VIN rẹ̀ ná.

Àmì mẹ́tàdínlógún ni VIN, ẹ lè kà á láti ìta ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, E ni 2014, F ni 2015, G ni 2016. Ẹ má gba ọdún tí ẹnu olùtajà sọ, ẹ ka àmì kẹwàá.

Lẹ́yìn èyí, a tẹ nọ́ńbà náà sórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ la ti rí i pé àpò afẹ́fẹ́ méjèèjì tó wà níwájú ọkọ̀ pupa náà wà lára àwọn tí wọ́n ti ní kí a dá padà fún pípààrọ̀, a kò sì tíì pààrọ̀ ọ̀kankan.

Ilé-iṣẹ́ Takata ti Japan ló ṣe àwọn àpò náà. Kẹ́míkà tó wà nínú wọn láti fẹ́ àpò náà nígbà ìjàm̀bá ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń mú un lọ́dọọdún. Bó bá bàjẹ́ tán tí ìjàm̀bá sì dé, irin tó yí i ká lè fọ́ wẹ́wẹ́, kí ó sì fò bí ọta lu ẹni tó yẹ kó dáàbò bò. Bíi mílíọ̀nù 67 irú àpò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí a dá padà ní Amẹ́ríkà nìkan, ẹ̀mí tó sì ti bọ́ níbẹ̀ lé ní ogún. Mustang ti 2005 títí dé 2014 wà lára wọn.

Ẹ ro ó wò: ooru àti ọ̀rinrin. Kí ló tún kù tí Èkó ní jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ilé onílùú òyìnbó tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà ni wọ́n sì ń fi lẹ́tà ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí. Ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Apapa, lẹ́tà kò bá a wá.

Ọ̀gá tó ni ín kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ẹnu yà á nígbà tí a fi hàn án. Ó ní, "Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń wà á, kò ṣe mí ní nǹkan kan." Mẹkáníìkì rẹ̀ ní òun lè yọ ọ́ kúrò kí òun sì fi ike bò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bú gbàmù ni, kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ lásán tú. Bí wọ́n bá sì yọ ọ́, kò sí ààbò mọ́ lójú ọjọ́ tí a ó nílò rẹ̀. Àbúrò mi dúró ti ọkọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, ó fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún olówó rẹ̀. N kò rí i kí inú rẹ̀ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Tuntun náà ní ìtàn tirẹ̀

A kọjá sí Berger, lójú ọ̀nà Apapa sí Oshodi, níbi tí ti dúdú wà. Ẹ má ṣe rò pé ìran tuntun túmọ̀ sí ọkọ̀ mímọ́. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló jẹ́ ọkọ̀ tó ti ní ìjàm̀bá tàbí tí omi ti wọ̀, tí wọ́n rà ní gbàǹjo. Nígbà tí ìjì Harvey jà ní Texas ní 2017, àìmọye mọ́tò ló rì sómi. A fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé ìdí bóyá a ó rí ẹrẹ̀. A gbóòórùn kápẹ́ẹ̀tì. A tan iná sí abẹ́ ìjókòó wo ìdí nọ́ọ̀tì bóyá ìpẹtà wà. Ìwé ìtàn ọkọ̀ náà fi hàn pé ilẹ̀kùn ọ̀tún nìkan ni nǹkan gbá, ojú wa sì jẹ́rìí sí i.

Ohun kan tún kù. Ìran kẹfà ni àkọ́kọ́ tí Ford fúnra rẹ̀ ṣe pẹ̀lú sítíárìn lápá ọ̀tún, fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi Britain. Bí mọ̀lẹ́bí yín ní London bá ní òun rí Mustang tó pọ́ọ́kú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó má fi ránṣẹ́. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì, òfin wa kò sì fàyè gba sítíárìn apá ọ̀tún. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òfin dí ọkọ̀ tó bá ti dàgbà jù lọ́wọ́ àtiwọ èbúté. Àwọn ti 2005 sí 2009 tí ẹ bá rí lónìí, ó dájú tán pé ojú ọ̀nà wa ni wọ́n ti gbó.

Ẹni tó jókòó sẹ́yìn

Ìyàwó àbúrò mi kò bá wa dé ibì kankan nínú gbogbo ìrìn yìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Bọ̀dá mi, níbo ni ọmọ máa jókòó sí?" Ìbéèrè yìí wúwo ju ti agbára ẹṣin lọ. Ìjókòó ẹ̀yìn Mustang kéré nínú ìran méjèèjì, àgbàlagbà kò lè gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ìjókòó ọmọdé. A gbé ti ọmọ náà lọ sí Berger, a sì dè é mọ́ inú ọkọ̀ kí a tó sanwó.

Dúdú náà ló rà, V6 ti 2016. Bí ẹ bá bi mí, ìmọ̀ràn mi nìyí. Bí ìran karùn-ún bá wù yín, ẹ wá ti 2011 sí 2014, kí ẹ sì rí ẹ̀rí pé wọ́n ti pààrọ̀ àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rí kò bá sí, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ìgbádùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, V6 ti 2015 sí 2017 ni. Ẹ fi turbo àti V8 sílẹ̀ fún ẹni tó ti ní mẹkáníìkì tó mọ̀ wọ́n dájú.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n gbé e jáde lọ sí Badagry. Ìró rẹ̀ kò tó ti pupa yẹn, àbúrò mi kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà dé, tí mo wo ẹ̀yìn, ọmọ ti sùn fọnfọn nínú bẹ́líìtì rẹ̀, ó di bàtà rẹ̀ mọ́wọ́, iyanrìn etí òkun sì kún ẹsẹ̀ rẹ̀.