Ọmọ tí òbí gbé dé láti kékeré: èló ni kó san ní yunifásítì Amẹ́ríkà?

Àwa tá à ń gbé ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwa mọ owó ilé ìwé oríṣi méjì dáadáa: ti ọmọ ìbílẹ̀ àti ti àlejò. Ọmọ tá a bí sí Kánò tàbí Jos, tó gbọ́ èdè ibẹ̀ ju Yorùbá lọ, tó bá dé yunifásítì ìpínlẹ̀, wọ́n á ní kó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá láti káńsù. Tí kò bá rí i mú wá, owó àlejò ló máa san. Ìdí rèé tá a fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tó ń jà ràn-ìn ní Amẹ́ríkà. Ó lè kan ọmọ tiwa náà, pàápàá ní Houston ní Texas, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí gan-an.

Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ níbẹ̀ náà ní owó méjì. Ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà ń san èyí tó kéré. Ẹni tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá lè san ìlọ́po méjì, nígbà mìíràn ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o, wọn kì í béèrè ibi tí baba ńlá ẹni ti wá. Ibi tó ò ń gbé ni wọ́n ń wò. Wàhálà wà lórí ọmọ tí òbí gbé wọ̀lú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí físà wọn parí, tí wọn ò sì padà sílé. Ó dàgbà síbẹ̀, ó kàwé níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pépà. Ṣé ará ìlú ni, àbí àlejò?

Ní ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ọ̀rọ̀ ti yanjú tipẹ́. Texas ṣe òfin kan ní 1975 tó fàyè gba ilé ìwé láti lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tàbí kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú Tyler ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa san 1,000 dọ́là lọ́dún. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 1982, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin fagi lé òfin ọ̀hún, wọ́n ní kò tọ́ kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ òbí jẹ ọmọ níyà. Àmọ́ ìdájọ́ yẹn kò dé yunifásítì.

Ní 1996, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò ní pépà ní àǹfààní ilé ìwé gíga nítorí pé ó ń gbé níbẹ̀, àyàfi tí gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà bá lè rí àǹfààní kan náà, ibi yòówù kí wọ́n máa gbé. Àwọn ìpínlẹ̀ wá ọgbọ́n dá sí i. Texas ló kọ́kọ́ ṣe é ní 2001, California tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà. Girama ni California gbájú mọ́: ẹni tó bá lo ọdún mẹ́ta ní girama níbẹ̀, tó sì ṣe tán níbẹ̀, á san owó kékeré. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn lẹ́yìn girama náà ń jẹ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California fi gbè é lẹ́yìn ní 2010. Texas béèrè ìwé ìbúra: ọmọ náà á búra pé òun máa tọrọ ìwé ìgbélùú ní kété tí àyè bá yọ. Gómìnà Rick Perry tó fọwọ́ sí i, ọmọ ẹgbẹ́ Republican ni. Nígbà tó fẹ́ di ààrẹ ní 2011, àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ló fi òfin yìí gbá a mú.

Kí ni àwọn tó ta kò ó ń sọ? Wọ́n ní kò bójú mu kí ọmọ Amẹ́ríkà láti Oklahoma, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, san ju ẹni tí kò yẹ kó wà nílùú lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣákálá. Ṣùgbọ́n òbí ọmọ Oklahoma ò san owó orí ní Texas. Òbí ọmọ tí kò ní pépà ń san án lórí ọ̀pọ̀ ohun tó bá rà lọ́jà, ó sì ń san án nínú owó ilé tó háyà. Ìpínlẹ̀ ti náwó lé ọmọ yìí lórí láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ká wá tì í sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, lójú tiwa, òfò ni. Kò sì lè yá owó ìjọba àpapọ̀ láti fi kàwé.

Òfin tí ì bá yanjú gbogbo rẹ̀, DREAM Act, ti wà níwájú àwọn aṣòfin láti 2001. Ní 2010, ìbò 55 ló rí nílé aṣòfin àgbà, 60 ni wọ́n sì nílò. Obama gbé DACA kalẹ̀ ní 2012 kí wọ́n má baà lé àwọn kan nínú wọn kúrò nílùú, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ìwé ìgbélùú.

Ní oṣù kẹfà 2025, ìjọba àpapọ̀ pe Texas lẹ́jọ́ lórí òfin 2001 yẹn. Lọ́jọ́ kan náà, agbẹjọ́rò àgbà Texas, Ken Paxton, tó yẹ kó gbèjà rẹ̀, gbà pẹ̀lú olùpẹ̀jọ́, adájọ́ sì fòpin sí i. Florida ti fagi lé tirẹ̀ ṣáájú lọ́dún náà. Ìjọba tún pe Minnesota àti Kentucky lẹ́jọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀, ọmọ tó ti ní ìwé ìgbélùú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí kò ní, kó béèrè iye tó máa san lọ́wọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀ kó tó gba àyè, torí iye tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ san lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn lè má jẹ́ òun ló máa bá mọ́.