"Pípa" àti "Ìpalẹ̀mọ́": Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àtúnṣe tí Kọ̀ǹpútà ń Gbà Kí Ó Tó Sinmi

Ẹni tí ó bá ń lo Windows mọ̀ pé, bí àtúnṣe tuntun bá wà nílẹ̀, ẹ̀rọ náà a máa fún òun láǹfààní láti gba àtúnṣe kí ó tó pa á. Bí ó bá ti tẹ ibẹ̀ tán, ìkìlọ̀ yóò yọ pé kí ó má ṣe pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, pa, ni ó yá sí olùtumọ̀ lẹ́nu ní ibi méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo fi irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn bi mí pé, "Ṣé kí n pa á ni, sà, àbí kí n má pa á?"

Pa tí a ń lò fún iná tàbí àtùpà jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ojú ẹsẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò-ìdarí, tí gbogbo ètò yòókù ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ dá wọn dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò fi ohun tí ó yẹ pamọ́, kí ó tó gé iná. Èyí ni mo dábàá pé kí a pè ní ìpalẹ̀mọ́, kí a sì fi pa sílẹ̀ fún gígé iná lójijì. Ẹni tí ó pàtẹ lọ́jà kì í ṣàdédé dìde lọ sílé; yóò palẹ̀ mọ́ ni. (Pa inú rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là pa...mọ́, kì í ṣe ti iná.) Àwọn kan lè fẹ́ kíkógbáwọlé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti òwò tí ó forí ṣánpọ́n; n kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò fẹ́ máa kà á lójú ẹ̀rọ rẹ̀ lálaalẹ́.

Àkókò ìpalẹ̀mọ́ dára fún àtúnṣe nítorí pé ọ̀pọ̀ fáìlì tí a fẹ́ pààrọ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Lórí Debian àti Ubuntu, a lè pàṣẹ fún ètò tí ń jẹ́ unattended-upgrades pé ìgbà náà ni kí ó ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 90 ni systemd, tí ń darí ìpalẹ̀mọ́ níbẹ̀, sábà máa ń fi dúró de ètò kan kí ó tó fi ipá dá a dúró. Ìṣẹ́jú 30 ni a yà sọ́tọ̀ fún èyí. Sùúrù náà nídìí. Ìpele méjì ni dpkg fi ń ṣe iṣẹ́ náà: yóò tú ìdì ètò tuntun, lẹ́yìn náà yóò tò ó. Mo pe èkíní ní ìtúdì, èkejì ní ìtò. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, ìdì yóò wà ní títú láìtò. Àṣẹ dpkg --configure -a sábà máa ń parí ìtò náà; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọkàn ètò-ìdarí ni a ń pààrọ̀ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti jí mọ́. Ẹni tí epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá ti ń lọ sópin, tí kò sì ní bátìrì, kí ó fi àtúnṣe di ọ̀la.

Nípa àtúnṣe fúnra rẹ̀, ìmúdójúìwọ̀n ti gbilẹ̀, n kò sì bá a jà. Gígùn rẹ̀ lójú bọ́tìnì ni kò wù mí. Gbólóhùn méjèèjì yóò wá kà báyìí: "Gba àtúnṣe, kí o sì palẹ̀ mọ́", "Àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́: má ṣe pa kọ̀ǹpútà yìí." Mo tún fi wọ́n han akẹ́kọ̀ọ́ náà. Kò béèrè ohunkóhun mọ́.