Ọrẹ Tí Ó Di Oògùn

Orúkọ Ajégúnlẹ̀ ń wí fún wa pé ajé ti gúnlẹ̀. Ní tòótọ́, nítòsí rẹ̀ ni èbúté Àpápá wà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù láti ọdún 1926. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ajé nìkan ni í bá ọkọ̀ rìn. Ọkọ̀ ni ó gbé ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ láti Áfíríkà dé Amẹ́ríkà ní ayé òwò ẹrú. Ẹ̀fọn tí ń tàn án kálẹ̀ a máa yé ẹyin sínú omi tí ó dúró nínú àgbá, ìkòkò àti táyà àtijọ́, irú èyí tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Nítorínáà ni àwa ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin olùkàwé wa mọ bí a ti rí abẹ́rẹ́ àrùn yìí, àti ẹni tí ó san owó rẹ̀.

John D. Rockefeller, olówó epo ní Amẹ́ríkà tí í ṣe ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, dá Rockefeller Foundation sílẹ̀ ní 1913 láti fi ọrọ̀ rẹ̀ ran aráyé lọ́wọ́. Ní 1925, owó yìí ni a fi dá ilé ìwádìí ibà náà sílẹ̀ ní Yábàá, ní Èkó.

Ní oṣù kẹfà 1927, àwọn oníṣègùn gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ọkùnrin kan tí a ń pè ní Asibi, tí ibà dá gúnlẹ̀ ní Kpeve, ní ilẹ̀ Gold Coast tí í ṣe Gánà lónìí. Wọ́n fi í sára ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà. Ọ̀bọ náà kú, Asibi sì yè. Báyìí ni a ṣe rí kòkòrò àrùn náà mú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí. Dókítà Adrian Stokes kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Dókítà Noguchi àti Dókítà Young sì kú ní Àkírà ní oṣù karùn-ún 1928. Ibà tí wọ́n ń wádìí náà ni ó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti inú kòkòrò tí a rí lára Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ ní New York ní 1937. Òun náà ni a ń gún fún àwọn ọmọ wa ní oṣù mẹ́sàn-án títí di òní. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: bí kò bá sí owó olówó, kò sí iṣẹ́, bí kò bá sì sí ẹ̀jẹ̀ ará abúlé, kò sí oògùn.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ní 2018, nígbàtí ibà kan tí a kò mọ̀ ń pa ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ilé ìwádìí ACEGID ní Redeemer's University, Ẹdẹ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi dá sílẹ̀, ni ó fi hàn pé ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ni. Yunifásítì ìjọ Ọlọ́run ni èyí, ọmọ ilẹ̀ wa ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ owó ìwádìí rẹ̀ ń ti òkè òkun wá.

Ẹ̀yin ará, ó ha yẹ bẹ́ẹ̀ bí? Àwa kò wí pé kí a má kọ́ ilé Ọlọ́run, tàbí kí a má ṣe ìdúpẹ́ ìkórè. Ohun tí a ń bẹ̀ ni pé kí àwọn tí ajé gúnlẹ̀ sí lọ́wọ́ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú ilé ìwádìí báyìí. Ẹni tí kò sì ní owó, kí ó bo àgbá omi rẹ̀, kí ó da omi inú táyà nù, kí ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́. Ọrẹ ni èyí pẹ̀lú.