Kí Ọ̀rọ̀ Lè Yé Gbogbo Ilé: Bí A Ṣe Ń Yan Soundbar fún Pálọ̀ Kékeré

Bí a ti ń bẹ àwọn ìdílé wò ní agbègbè Ìkòlé, Ọyẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ohun kan wà tí a máa ń ṣàkíyèsí. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá bi í pé, “Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ?” á ní òun gbọ́. Kò gbọ́. Kò kàn fẹ́ yọ ilé lẹ́nu ni. Nígbà tó bá yá, á dìde, á lọ sùn ní agogo mẹ́jọ, gbogbo ilé á sì rò pé oorun ló ń kùn ún.

Ní ilé mìíràn, Bàbá ni yóò gba rìmóòtù, tí yóò gbé ohùn náà sókè títí aládùúgbò yóò fi máa lu ògiri. Àwọn ọmọ á wá sọ pé, “Dádì, ẹ jẹ́ ká ra soundbar.” Owó tí wọn ì bá fi san owó ilé-ìwé ni ọ̀rọ̀ náà fẹ́ dé. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á lè mọ ohun tó ń rà, kí ẹni tí kò sì nílò rẹ̀ lè fi owó rẹ̀ sápò.

ÌDÍ TÍ OHÙN TẸLIFÍṢỌ̀N ÒDE ÒNÍ FI TÍN-ÍN-RÍN

Àwọn àgbà láàárín wa mọ ìtàn yìí. Ní ọdún 1935, ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédífúṣọ̀n ní Èkó. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri ilé, wáyà ló so ó mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ohùn ti ń wá. Sípíkà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ìyẹn ni àwọn bàbá wa fi pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Síbẹ̀, gbogbo agbo ilé ń gbọ́ ọ, nítorí pé iwájú ni ẹnu àpótí náà kọ sí, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, àpótí ńlá tó sanra lẹ́yìn ni. Àyè wà nínú rẹ̀ fún sípíkà tó tóbi díẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí tín-ín-rín bí pákó. Kò sí àyè nínú rẹ̀ fún sípíkà gidi, nítorí pé sípíkà gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti máa ti afẹ́fẹ́ síwá sẹ́yìn kí ohùn rẹ̀ tó kún. Àwọn tó ṣe é wá fi sípíkà kéékèèké sí abẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohùn náà a kọ́kọ́ lọ lu tábìlì tàbí ògiri kó tó padà wá bá etí yín. Àwòrán dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́.

Ohun tí soundbar wá ṣe nìyẹn. Sípíkà gbọọrọ kan ni, tí wọ́n to sípíkà kéékèèké méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí inú rẹ̀ ní ìlà kan. Ẹ ó gbé e sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, yóò sì kọjú sí ẹ̀yin tí ẹ jókòó.

ARIWO KỌ́ NI GBÍGBỌ́

Ẹ jẹ́ kí ibi yìí yé wa dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò.

Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, àwọn ohùn tíńrín tó lọ sókè ni etí kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Ohùn tó rinlẹ̀, tó ń dún kíkankíkan, kì í tètè lọ. Ní èdè Yorùbá, àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í tètè sọnù létí àgbàlagbà, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà bíi s, ṣ, f, k àti t a máa bọ́ dànù. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: tà, kà, fà, ṣà. Ohùn kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní. Bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá sọnù, báwo ni Ìyá àgbà yóò ṣe mọ̀ bóyá wọ́n ní kí wọ́n tà á tàbí kí wọ́n kà á? Ó wá dà bí ẹni tó ń gbọ́ ìlù gángan láti òkèèrè. Ó mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀, kò mọ ohun tó ń sọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá lọ ra ẹ̀rọ tó ń dún gbì-gbì-gbì fún irú Màmá bẹ́ẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Báàsì tó pọ̀ jù a tún máa bo àwọn ohùn tíńrín tó kù mọ́lẹ̀. Ohun tí ilé yín nílò ni ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já gaara, àní nígbà tí ohùn rẹ̀ bá wà nílẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ NÁWÓ

Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí kò gbówó lórí.

Ẹ wo inú ètò ohùn tẹlifíṣọ̀n yín. Ọ̀pọ̀ ló ní ibi tí ẹ ti lè yan ohùn fún orin, fún fíìmù tàbí fún ìròyìn. Ẹ yan èyí tó jẹ́ ti ìròyìn tàbí ti ọ̀rọ̀ sísọ.

Ẹ wo yàrá yín. Ògiri sìmẹ́ńtì àti ilẹ̀ táìlì tí kò sí nǹkan kan lórí wọn a máa dá ohùn padà, ọ̀rọ̀ á wá máa gun ara wọn. Kọ́tìnnì tó nípọn, kápẹ́ẹ̀tì àti àga onítìmùtìmù a máa gbé ìró náà mì. Bí òjò bá ń lu páànù, kò sí soundbar kékeré tó lè bá a du ohùn. Àjà tó dára lókè yóò ṣe yín láǹfààní ju sípíkà lọ.

Ẹ mú Ìyá àgbà súnmọ́ tòsí. Ẹni tó jókòó ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 5 yóò gbọ́ ju ẹni tó jókòó ní 12 lọ.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí náà wò. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí etí ló dí i, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹ má ṣe fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná ro ó. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà nítòsí wa ní Ìdó-Èkìtì, àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun sì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni àgbàlagbà náà nílò, kò sí soundbar tó lè gba ipò rẹ̀, nítorí tẹlifíṣọ̀n nìkan kọ́ ni ó fẹ́ gbọ́. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú.

OHUN MẸ́FÀ TÍ Ẹ Ó WÒ

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ẹ sì rí i pé soundbar ló kàn, ẹ fi àwọn nǹkan mẹ́fà yìí sọ́kàn.

1. Ìwọ̀n rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 32 fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 72. Ti íǹṣì 43 fẹ̀ tó bíi 96. Ẹ má ṣe ra soundbar tó gùn ju tẹlifíṣọ̀n yín lọ. Ẹ wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú, kó má baà dí ojú ibi tí rìmóòtù ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀.

2. Agbára rẹ̀. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára páálí, bíi wọ́ọ̀tì 1000 tí wọ́n kọ PMPO sí lára, kì í ṣe agbára tí ẹ̀rọ náà ń lò lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n kọ RMS sí ni kí ẹ wò. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà yìí náà dẹ́rù bà yín. Bí wọ́ọ̀tì bá di ìlọ́po méjì, díẹ̀ ni ohùn fi ń ga sí i. Ó tó ìlọ́po mẹ́wàá kó tó dún létí wa bí ìlọ́po méjì. Fún yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, wọ́ọ̀tì 30 tàbí 40 tó jẹ́ òótọ́ ti tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù.

3. Iye sípíkà. Bí wọ́n bá kọ 2.0, sípíkà ti ọ̀tún àti ti òsì ni. Bí ó bá jẹ́ 2.1, àpótí báàsì kan kún un. Bí ó bá jẹ́ 3.1, ọ̀kan tún wà láàárín tó dá dúró fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ìyẹn sì dára fún àgbàlagbà. Nínú pálọ̀ kékeré tó fi ògiri ti ilé ẹlòmíràn, 2.0 ti tó fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Báàsì a máa la ògiri kọjá ju ohùn tíńrín lọ. Bí ẹ bá gbé àpótí rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá, yóò tún máa dún ju bó ti yẹ lọ.

4. Bọ́tìnnì ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ wá èyí tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ “Voice” tàbí “Dialogue” sí. Ó ń gbé ohùn ènìyàn sókè láàárín orin àti ariwo. Bí ó bá tún ní ti “Night”, ó dára fún òru, nítorí kì í jẹ́ kí ohùn ga lójijì.

5. Ọ̀nà tí yóò gbà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín kí ẹ tó jáde nílé. Bí ẹ bá rí ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC sí lára, wáyà kan ṣoṣo ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí kò bá sí, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ “Optical” sí tàbí ihò wáyà pupa àti funfun. Bluetooth náà wà, tí kò lo wáyà rárá, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ohùn rẹ̀ a máa pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn àwòrán. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí etí rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń wò láti fi kún ohun tó gbọ́. Bí ẹnu bá ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ìyà ló fi jẹ ẹ́.

6. Iná. Soundbar kékeré kì í sábà jẹ iná ju fáànù kan lọ, nítorí náà ínfátà kékeré lè gbé e. Ṣùgbọ́n iná tó ń lọ sókè sódò lè bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kó gba ara sitẹbiláísà kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, nítorí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Èéfín rẹ̀ a máa pa odidi ìdílé lójú oorun.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà, yálà ní Ìkòlé tàbí ní Adó, oníṣòwò yóò fi orin onílù dán an wò fún yín, yóò sì gbé e sókè. Ẹ ní kó dúró. Ẹ mú fláàṣì ti ara yín lọ, kí ìwàásù tàbí ìròyìn Yorùbá wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kó gbé ohùn náà wálẹ̀, kí ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì já gaara, ẹ̀rọ tó dára nìyẹn. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú àgbàlagbà tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á dání. Etí tirẹ̀ ni adájọ́. Ẹ gba rìsíìtì àti ìwé gàráńtì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

ETÍ ỌMỌ ÀTI ETÍ ALÁDÙÚGBÒ

Láti ìgbà tí Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọyẹ́ ní ọdún 2011, tí ó sì tún ní ọgbà ní Ìkòlé, ilé oníyàrá kan-kan ti pọ̀ sí i ní ìlú méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé lápá ọ̀tún, ìyá ọlọ́mọ tuntun wà lápá òsì, ògiri kan ṣoṣo ló pààlà wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé ohun tó ń dùn mọ́ yín lè máa dun ẹlòmíràn. Ní ọdún 2009 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin lórí ariwo. Ní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn pa nítorí rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ọlọ́pàá ni yóò kọ́ ọmọ Ọlọ́run ní ìwà ọmọlúwàbí.

Àwa tìkára wa náà ní etí láti dáàbò bò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn lè gbọ́ ohùn tó tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìséwu. Bí ohùn náà bá di 90, wákàtí 4 péré lọ́sẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ sísọ láàárín ènìyàn méjì tó jókòó ti ara wọn kò ju bíi 60 lọ. Ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yín tó gbọ́ yín, ohùn ẹ̀rọ náà ti ga jù. Etí tó bá ti bàjẹ́ nípa ariwo kì í padà bọ̀ sípò mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe ra soundbar láti fi han àlejò. Ẹ rà á kí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí ọmọ kékeré títí dé orí Ìyá àgbà. Bí ẹ bá sì ti gbé e dé ilé, ẹ má ṣe gbàgbé pé bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tó wúlò ju gbogbo èyí tó kù lọ, ìyẹn ni èyí tí a fi ń pa á. Ní àkókò àdúrà ìdílé, ẹ pa á. Ẹ fà súnmọ́ Màmá, kí ẹ kọjú sí i, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ ketekete. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a máa gbọ́ ara wa yé nínú ilé. Àmín.