Ìtọ́jú Ẹja Aláìsàn: Ohun Tí Iyọ̀ Lè Ṣe àti Èyí Tí Kò Lè Ṣe

Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kí ènìyàn bá ẹja àrọ̀ nínú táńkì ẹ̀yìnkùlé, tàbí kí ó rí ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà nínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀. Ohun tí ó ń dun àwọn olùsìn ni pé ẹja tí ó jẹun dáadáa lánàá ni wọn yóò bá tí ó léfòó lókè omi láàárọ̀. Bí a bá béèrè ohun tí wọ́n ti ṣe sí i, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "A bu iyọ̀ sí i." Iyọ̀ mélòó? Sínú omi mélòó? Kò sí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀mí tí Ọlọ́run dá ni ẹja, owó ni pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà sì yẹ ní àlàyé.

Iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja bí ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa, ó tó nǹkan bíi gíráàmù 9 nínú lítà kan. Omi odò Erinlẹ̀ kò ní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, omi a máa wọ inú ara ẹja odò ṣáá, pàápàá láti ẹ̀yà ìmí rẹ̀, ìyẹn àwọn ewé pupa tí ó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí. Kíndìnrín rẹ̀ yóò máa tọ omi náà jáde tọ̀sán-tòru, ẹ̀yà ìmí yóò sì máa ṣa ìwọ̀nba iyọ̀ tí ó bá rí wọlé. Ti ẹja òkun yàtọ̀. Iyọ̀ inú òkun tó gíráàmù 35 nínú lítà kan, òkun ni ó sì ń fa omi kúrò lára ẹja. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nínú omi! Dandan ni kí ó máa mu omi òkun, kí ó sì máa ti iyọ̀ rẹ̀ jáde láti ẹ̀yà ìmí. Allāh Ọba mẹ́nu ba omi méjèèjì yìí, èyí tí ó dùn àti èyí tí ó níyọ̀, nínú Sūratul-Furqān, ẹsẹ 53.

Ẹja tí ara rẹ̀ kò yá, agbára tí ì bá fi bá àrùn jà ni ó ń ná sórí omi títọ̀. Iyọ̀ díẹ̀ nínú omi a máa mú iṣẹ́ yìí fúyẹ́. Ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù ń jẹrà, ammonia tí ó ń ti ibẹ̀ wá sì ń jó ẹ̀yà ìmí. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àìsàn kò ju omi ìdọ̀tí lọ. Ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi chlorine sí, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú nínú ike tí kò ní ìdérí kí ẹ tó lò ó. (Ẹja àrọ̀ a máa yọrí wá gba afẹ́fẹ́ lókè omi. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni, kì í ṣe àìsàn.)

Bí ohun funfun wínníwínní bá bo ara ẹja, tí ó sì ń fi ara gbo ìsàlẹ̀ táńkì, kòkòrò Ichthyophthirius ni a ó fura sí. Níwọ̀n ìgbà tí kòkòrò yìí bá wà lábẹ́ awọ ẹja, iyọ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá yó, yóò jábọ́ sílẹ̀, yóò pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, àwọn ọmọ náà yóò sì lúwẹ̀ẹ́ lọ wá ẹja. Ìgbà ìlúwẹ̀ẹ́ yìí ni ọwọ́ iyọ̀ lè tẹ̀ wọ́n. Ẹni tí ó bá bu iyọ̀ sí omi lónìí tí ó dà á nù lọ́la kò tíì ṣe nǹkan kan. Kí ó tó ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán. Gíráàmù 3 fún lítà kan ni ìwọ̀n rẹ̀. Fún omi kẹ́ẹ̀gì lítà 25, gíráàmù 75 ni, bíi ṣíbí tíì 12 tí a rẹ́ lórí. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú omi lọ́tọ̀, kí ẹ sì dà á sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan. Bí omi táńkì bá fà, iyọ̀ kì í bá a lọ, nítorí náà omi lásán ni kí ẹ fi dí i.

Ẹja jíjẹ nílò ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aró aláwọ̀ ewé kan wà tí wọ́n ń pè ní malachite green, tí àwọn olùsìn ẹja ọ̀ṣọ́ fi ń pa kòkòrò. Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò gba lílo rẹ̀ fún ẹja tí ènìyàn yóò jẹ, nítorí ìfura pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹja tí a bá fi oògùn apakòkòrò tọ́jú náà gbọ́dọ̀ lo iye ọjọ́ tí dókítà ẹran bá sọ kí a tó pa á. Òótọ́ ni pé òkú ẹja jẹ́ ẹ̀tọ́ nínú Sharia, ṣùgbọ́n ìyẹn kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti kó ẹja tí àrùn pa lọ sí ọjà láìsọ fún oníbàárà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa béèrè bóyá ẹja odò lè gbé inú òkun. Erinlẹ̀ ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun ń lọ sí ọ̀sà, ọ̀sà sì kan òkun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹja ni ó lè rin ìrìn náà. Bí iyọ̀ bá ti ń lọ sí gíráàmù 10, ara ń ni ẹja àrọ̀. Epìyà inú ọ̀sà Èkó, tí wọ́n ń pè ní Sarotherodon melanotheron, ní tirẹ̀ ń gbé inú omi tí ó ń dùn lásìkò òjò tí ó sì ń níyọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. (Akọ rẹ̀ ni ó ń fi ẹnu gbé ẹyin títí yóò fi pa!) Irú rẹ̀ lè dé inú omi oníyọ̀ bí òkun, bí a kò bá kánjú. Ẹ̀yà ìmí rẹ̀ nílò ọjọ́ mélòó kan láti yí iṣẹ́ padà, láti ṣíṣa iyọ̀ wọlé sí títì í jáde. Ẹ máa fi gíráàmù 3 sí 5 kún lítà kan lójúmọ́. Bí ẹja bá kọ oúnjẹ, ẹ dúró níbi tí ẹ dé. Iyọ̀ tí a ṣe fún omi òkun ni kí ẹ lò, nítorí iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní èròjà tó. Ẹ tún fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, torí omi oníyọ̀ kì í gba afẹ́fẹ́ tó omi dídùn. Ẹja aláìsàn kò sí lára àwọn tí a ń gbé ṣe èyí. Kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá.

Omi iyọ̀ tí a bá ti lò tán, ẹ má dà á sí Erinlẹ̀, ẹ má sì dà á sídìí ẹ̀fọ́: àrùn inú rẹ̀ lè ran ẹja odò, iyọ̀ rẹ̀ a sì máa pa ewébẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ tí ó jìnnà sí kànga ni àyè rẹ̀.